Ìbọn Ológun Tó Ti Gbó

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbọn ológun àtijọ́ wá sí ilé àrọ mi ní Kétu, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má tíì fọ̀ ọ́. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ ló ń mówó wọlé fún mi. Àmọ́ èyí tó ń wù mí ni ìbọn Faransé tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá àgbà tàbí nídìí Ògún, tí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá kiri báyìí. Wọn kì í bèèrè ọta rẹ̀, èmi náà ò sì ní bá wọn wá a.

Nínú àwọn ìbọn Faransé yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Lebel ló kọ́kọ́ dé. Ọdún 1886 ni ilẹ̀ Faransé gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọdún yẹn gan-an sì ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Ní 1892, Lebel ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, nígbà tó ṣígun lọ bá Béhanzin, ọba Dàhòmì. Dàhòmì ṣubú, àwọn ọmọ Kétu tó ṣẹ́ kù sì padà wá tún ìlú wọn tẹ̀dó. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn yin òyìnbó jù o! Nígbà ogun 1914, àwọn Faransé yìí kan náà ló ń fipá kó ọmọkùnrin lọ sójú ogun, tí ọ̀pọ̀ fi sá kọjá sí ìhà Ìmẹ̀kọ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní tèmi, ìbọn Faransé kejì, Berthier, ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1907 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan fún àwọn ṣójà adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Dàhòmì náà wà lára wọn. Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀, ìbọn ò tó, ni Faransé bá mú ìbọn adúláwọ̀, ó tún un ṣe díẹ̀ ní 1915, ó sì kó o fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àléébù rẹ̀ ni pé ọta mẹ́ta péré ló ń gbà, nígbà tí Mauser àwọn Jámánì ń gba márùn-ún. Ó di 1916 kí wọ́n tó ṣe èyí tó ń gba márùn-ún.

Berthier kan wà tí n kò lè gbàgbé. Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá irin rẹ̀ náà ló wà nídìí igi, òun náà ló sì wà lára irin tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Wọn ò pínyà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ wọ́n. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀, torí pé irin ìbọn kan ló sábà máa ń wà nínú ìbọn mìíràn. Igi ìdí rẹ̀ ti là nígbà kan, alágbẹ̀dẹ àwọn ológun sì ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó jẹ́ kí inú ihò náà fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó wá ti igi mìíràn bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kó má baà lè yọ. Ìlà igi tuntun bá ti àtijọ́ lọ. Àtàǹpàkò ni mo fi mọ ojú rẹ̀. Ojú mi ò tètè rí i. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀gá ni.

Ìbọn ìdí Ògún ló le jù láti tọ́jú. Epo pupa tí wọ́n ń ta sí i lọ́dọọdún á gbẹ, á di òdà, ìpẹtà á sì máa jẹun lábẹ́ rẹ̀. Àkísà àti epo òyìnbó ni mo ń fi rẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò jẹ́ fi ayùn irin kàn án. Oníbàárà kan láti Kútọnu ní kí n fi sáńpépà bó tirẹ̀ kó máa dán bí ìkòkò àlùmíníọ́mù. Mo fi lẹ́tà MAT tó wà lára irin náà hàn án: Tulle nìyẹn, bí MAC ṣe jẹ́ Châtellerault, tí MAS jẹ́ Saint-Étienne. Bí sáńpépà bá ti kọjá níbẹ̀, ta ló tún máa mọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́? Ó ní dídán lòun fẹ́. Mo gbé ìbọn rẹ̀ fún un. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ tó ń bó irin. Mo ní kó ṣáà kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé kó tó débẹ̀.