Àsọdùn àti Ìná-Ọ̀rọ̀: Àyẹ̀wò Èdè Ìpolówó Ojú Fóònù ní Agbègbè Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Láàrin àwọn ọnà èdè tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá máa ń tò sínú ìwé wọn, àsọdùn ni ó jọ pé wọ́n máa ń tètè kúrò lórí rẹ̀ jù. Àwítúnwí a máa gba ojú ìwé púpọ̀, àfiwé àti ìfohunpènìyàn náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan àsọdùn, wọn a ní ó jẹ́ sísọ ọ̀rọ̀ ju bí ó ti mọ lọ kí ó lè wọ olùgbọ́ lára, wọn a fi àpẹẹrẹ kan tàbí méjì gbè é lẹ́sẹ̀, wọn a sì kọjá. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú oríkì-ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó láti fi ṣe ìtúpalẹ̀ èdè ìpolówó tí ó ń jáde lójoojúmọ́ lórí Facebook, Instagram àti WhatsApp, pàápàá ìpolówó ilẹ̀, ti oògùn ìbílẹ̀ àti ti ìdókòwò elérè ńlá tí àwọn ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ń kà. Ohun tí olùsọ̀rọ̀ ṣe ni ìtumọ̀ náà sọ. Kò sọ ohun tí olùgbọ́ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ àárín àsọdùn àti irọ́ fi ara pamọ́ sí.

Ohùn, ọwọ́ àti ìnájà

Ìpolówó kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ Yorùbá. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó ti pẹ́ tí àwọn oníkiri ti ń fi ohùn pe oníbàárà jáde láti ìyẹ̀wù. Alágbàdo sísè a ní tòun rọ̀, elékuru a ní tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọ́sàn kan tí yóò kígbe pé ọsàn òun kan. Àsọdùn ni gbogbo èyí, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní irọ́. Ohùn tí wọ́n fi ń ké e yàtọ̀ sí ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí oníkiri bá ti gbé ohùn sókè ni olùgbọ́ ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ oríkì akọni ṣe mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ní kí òun máa ka òkú ojú ogun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ohùn ni ọwọ́ wọ ọ̀rọ̀ náà. Oníbàárà a ní kí ọlọ́jà sọ igbá kalẹ̀. Yóò tẹ àgbàdo wò, yóò bu gàárì sí àtẹ́lẹwọ́, yóò jù ú sẹ́nu, yóò mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ìgbà náà ni ìnájà tó bẹ̀rẹ̀. Iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí yóò gbà. Oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà sì mọ̀ pé oníbàárà mọ̀. Bí oníbàárà sì ti ń já owó lulẹ̀ ni ó ń já ọ̀rọ̀ lulẹ̀ pẹ̀lú: “Èyí tí ẹ ní ó rọ̀ yìí, ṣé kì í ṣe ti àná?” Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni ìná-ọ̀rọ̀. Nínú ọjà, àsọdùn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìná. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí oníbàárà san gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ni ó dúró lẹ́yìn gbogbo ètò tí a ti ṣàlàyé rẹ̀ yìí, òun náà sì ni fóònù kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ olùgbọ́.

Nígbà tí nọ́ńbà rọ́pò ọ̀rọ̀ àpèjúwe

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mowé àti Ìbàfò wà, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ìfọ̀ wà ní ìhà kejì, lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, òun náà sì ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí ó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ ni pé ibẹ̀ ni ẹni tí owó ilé Èkó bá ti lé jáde máa ń kọ́kọ́ ronú kàn. Ìdí nìyí tí ìpolówó ilẹ̀ ibẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá retí láti bá àfiwé àti ìfohunpènìyàn pàdé nínú ìpolówó wọ̀nyí yóò jákulẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe inú wọn kéré, ó sì ti gbó. Nọ́ńbà ni ó ń ṣiṣẹ́. Irú gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí ó ní ilẹ̀ kan wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí Redemption City, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí Berger. Pé iye pulọ́ọ̀tì kan yóò di ìlọ́po mẹ́ta láàrin ọdún méjì. Pé pulọ́ọ̀tì méje péré ni ó kù, àti pé owó yóò gbẹ́nu sókè ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá ti jókòó sínú dáńfó láti Kárà dé Ìbàfò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Síbẹ̀, irọ́ pátápátá kọ́. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ojú ọ̀nà dá, tí kò sí tírélà kankan tí ó ṣubú, awakọ̀ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè sáré é bẹ́ẹ̀. Onípolówó yan wákàtí kan nínú wákàtí 168 tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀, ó sì fi í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn “nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú tuntun” ṣe rí. Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó wà, láàrin Ìlíṣàn àti Ìperu.

Olùgbọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ná “dáradára”. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ná “márùn-ún”. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe a máa fi hàn pé ẹnìkan ni ó ń sọ ọ́, nọ́ńbà a máa ṣe bí ẹni pé ẹnìkan ti lọ wọ̀n ọ́n wá. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball kéde pé àwọn yóò san 100 pọ́n-ùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ tí àrùn ọ̀fìnkìn líle sì tún kọ lù ú, àti pé àwọn ti fi 1,000 pọ́n-ùn sí báǹkì láti fi hàn pé àwọn kò ṣeré. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Carlill lò ó, àrùn náà mú un, ó sì béèrè owó rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé fáárí ọlọ́jà lásán ni. Ilé ẹjọ́ kò gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 1892: ẹni tí ó dárúkọ iye owó, tí ó tún sọ báǹkì tí ó wà, ti kúrò ní ẹni tí ń ṣe fáárí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ṣì ń ka ẹjọ́ yìí títí di òní. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ nípa ọnà èdè náà kà á.

Ti oògùn ìbílẹ̀ tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní gáréèjì, ní Ìfọ̀ bí ó ti rí níbòmíràn, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí a máa ka àìsàn mẹ́wàá sórí ìgò kan. Gbogboǹṣe ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà wá sí gáréèjì náà lọ́la, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì dàrú mọ ibi tí yóò ti bá a. Onígbogboǹṣe ojú fóònù kò ní gáréèjì; nọ́ńbà ìpè ni ó ní, ó sì lè pa á. Láti dí àyè yìí, ó a máa gbé nọ́ńbà NAFDAC sókè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí àjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ní gbólóhùn kékeré kan lára páálí, tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa” ni ìpolówó sọ di “a jẹ́rìí sí i pé ó ń wò ó sàn”. Èyí kọjá àsọdùn. Ẹ̀rí ni wọ́n yí padà.

Ẹlẹ́rìí tí kò purọ́

Àlàyé tí àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń ṣe nípa àwọn tí ó gba irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́ ni pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Àlàyé ọ̀lẹ ni. Kò lè sọ ìdí tí ẹni tí kò wá ju yàrá méjì tí yóò fi orí pamọ́ sí lọ fi sanwó ilẹ̀ tí kò rí, tàbí tí ọmọ fi ra ìgò àgbo mẹ́fà fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú. Ó sì fojú di òye wọn, nítorí àwọn kan náà ni wọ́n ń ná ẹ̀fọ́ títí ọlọ́jà yóò fi bínú.

MMM, tí Sergey Mavrodi dá sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, tí ó sì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn jù. Ìdá 30 nínú 100 ni èlé tí ó ṣèlérí lóṣù kan. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó. Àjọ NDIC padà fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè ṣàkíyèsí ni pé MMM kò polówó ara rẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí ó ti gba owó ni ó ń polówó rẹ̀, nínú ohun tí ètò náà pè ní “lẹ́tà ayọ̀”. Ìlànà ìjẹ́rìí inú ìsìn ni lẹ́tà náà ń tẹ̀ lé: ìṣòro, iyèméjì, ẹni tí ó pe ènìyàn wá, ìgbàgbọ́ díẹ̀, èrè ńlá. Kò sí ará agbègbè Mowé, tí ọkọ̀ àwọn olùjọ́sìn ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, tí kò mọ ìlànà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹlẹ́rìí náà kò sì purọ́. Owó wọ àpò rẹ̀ lóòótọ́, ó sì fi àlẹ́ẹ̀tì báǹkì hàn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó ẹni tí ń ka lẹ́tà rẹ̀ ni wọn yóò fi san ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí CBEX, tí ó ṣèlérí ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí oṣù kan, tún ṣubú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn kan sì ń ru àga àti ẹ̀rọ jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìlànà kan náà ni ó ti lò.

Ẹlẹ́rìí yìí sì kì í sábà jẹ́ àjèjì. Àǹtí ni ó fi í sí gúrúùpù ẹbí. Ìpolówó tí ó bá ti ọwọ́ àǹtí kọjá kò jẹ́ ìpolówó mọ́. Ó ti di ìfẹ́. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ ná ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ̀? Ẹni tí ó bá béèrè ìdánilójú níbẹ̀ ti bú àgbà. Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ní fún ọ̀rọ̀ àgbà ni ìpolówó wọ̀ láṣọ, kì í ṣe ojúkòkòrò.

Ní ti ilẹ̀, ẹlẹ́rìí náà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlú fúnra rẹ̀ ni. Ibi tí ó jẹ́ igbó nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà ní 1978 ti di ìlú tí ilé fara kan ilé. Àwọn tí wọ́n tètè rà jèrè, wọ́n sì wà láàyè láti sọ ọ́. Nítorí náà, bí onípolówó bá ní iye ilẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́ta, olùgbọ́ kò nílò ìgbàgbọ́ àfọ́jú. Ìrántí ni ó ń lò. Àṣìṣe ibẹ̀, bí àṣìṣe bá wà, ni pé ọ̀nà ni ó sọ igbó Mowé dọlá, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ń tà lónìí sì lè jìnnà sí ọ̀nà náà gan-an.

Ẹnìkan lè takò àlàyé yìí pé àwọn tí ń ta ilẹ̀ máa ń fi bọ́ọ̀sì kó oníbàárà lọ wo ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé ojú ti bá ọ̀rọ̀ níyẹn. Àtakò gidi ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe gàárì. Ẹni tí ó bu gàárì sẹ́nu ti mọ ohun tí ó ń rà. Ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ ní Ìbàfò, tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń tà fún un rárá. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé ni ọjà, iyẹ̀pẹ̀ kọ́. Bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí kò gbà á, bóyá ẹbí kan ni ó ni ín tàbí mẹ́ta, kò sí èyí tí ojú lè rí lára koríko. Wíwo ilẹ̀ ń fún oníbàárà ní ìtẹ́lọ́rùn ìtọ́wò láìjẹ́ pé ó tọ́ nǹkan kan wò, àti fún ìdí yìí, òun ni apá tí ó lágbára jù nínú gbogbo ìpolówó náà.

Àwọn òfin tuntun kò ṣàì mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ARCON ti ọdún 2022 kan ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí iwájú ẹni tí ó bá gbé ètò bíi MMM kalẹ̀. Ẹnu ọlọ́jà ni wọ́n dojú kọ. Ní ti olùgbọ́ tí ó bá fẹ́ ná ọ̀rọ̀ onílẹ̀ bí ó ṣe ń ná gàárì, ọ́fíìsì àwọn tí ń mójú tó ilẹ̀ àti ìwé sọ́fè ní Òkè-Mósàn, ní Abẹ́òkúta, ni ọjà náà wà, níbi tí wọn yóò ti gbé nọ́ńbà inú sọ́fè lé orí máàpù ìjọba. Ó ń gba ọjọ́, ó ń gba owó ọkọ̀ láti Mowé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Àìkú ni owó ilẹ̀ yóò gbẹ́nu sókè.