Àpáàdì Ló Tó Ko Iná Lójú

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ìyànà-Ìbà l'Ékòó, iná a máa pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Alákàrà ti gbé agbada kaná, ẹni tó ń sun àgbàdo ń fẹ́ èédú, mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dánfó, ooru sì bù ú lójú. Nínú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó gba ilé sí Òkòkòmáìkò, họ́tìpléètì wà nílẹ̀, wáyà rẹ̀ ti pọ́n kuku. Ojú gbogbo wa wà lára ohun tó ń jinná. Ohun tó gbé iná dúró tí òun fúnra rẹ̀ kò jó, a kì í bojú wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Wáyà họ́tìpléètì yẹn kò dédé jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sára àwo amọ̀ kan, wọ́n sì tẹ́ wáyà sínú rẹ̀. Amọ̀ yìí kì í jẹ́ kí ooru jó tábìlì, kì í sì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba ibòmíràn kọjá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan lára ẹ́ńjìnnì dánfó, ẹ ó rí ohun funfun kan tó yí irin àárín rẹ̀ ká. Àlùmínà ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀kan lára ohun tó wà nínú amọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni iná ń bú gbàmù lẹ́nu púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti Ìyànà-Ìbà dé Mile 2, ohun funfun yẹn kò ní yọ́, kò sì ní là, àfi bí mẹkáníìkì bá jẹ́ kó já bọ́ lórí kọnkéré.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí ìṣáná, àpáàdì ni ọmọdé ń mú lọ sílé aládùúgbò láti fi bu ẹ̀yinná. Nínú iṣẹ́ yẹn ni òwe ti jáde pé àpáàdì ló tó ko iná lójú, a sì ń fi í yin akíkanjú tó dúró níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sá. Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ohun tí iná kò rí gbé ṣe bẹ́ẹ̀ ní refractory, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe olóríkunkun àti àìsàn tí kò gbóògùn. Oríkunkun nìkan kọ́ ló ń gba amọ̀ lọ́wọ́ iná, ṣá o. Ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ooru bá mú ló ń wú díẹ̀. Bí ìdí ìkòkò bá ti gbóná tí ẹnu rẹ̀ ṣì tutù, ìdí fẹ́ gbòòrò, ẹnu kò gbà fún un, ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ni yóò ti là. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì gbígbóná fi ń fọ́ bí omi tútù bá kàn án. Amọ̀kòkò mọ ìṣòro yìí láìka ìwé kankan, gbogbo ohun tó ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ló sì fi ń dá a lóhùn.

Ẹ lọ sí Ìpetumodù, ẹ lọ sí Ìsàn-Èkìtì, tàbí kí ẹ gòkè lọ sí ebu ìkòkò Dada ní Ìlọrin, ẹ ó bá àwọn ìyá tó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wọn. Wọ́n á rẹ amọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, tàbí àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n ti gún. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín dáadáa. Àfọ́kù yẹn ti wọ iná rí, ó ti sunkì parí. Nígbà tí amọ̀ tuntun bá ń gbẹ tó ń sunkì, ẹ̀rún àfọ́kù kò ní bá a sunkì, kò sì ní jẹ́ kí gbogbo ara ìkòkò fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá sì fẹ́ máa là lọ, yóò kọlu ẹ̀rún yẹn, yóò sì kú síbẹ̀. Àpáàdì tó ti fọ́ ṣì ń ko iná lójú nínú ìkòkò ẹlòmíràn. Bí àfọ́kù bá pọ̀ jù, ìkòkò á máa rún. Bí ó bá kéré jù, iná á là á. Ìka ọwọ́ ni ìyá náà fi ń mọ èyí tó tó.

Ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n máa ń na amọ̀ lé lórí kí ìdí tuntun lè yọ. Bó bá ti le díẹ̀, wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa fi amọ̀ tí wọ́n yí gùn kún ara rẹ̀ títí dé ẹnu. Ẹ wo ìdí náà: ó rí rogodo, kò ní igun kankan. Igun ni fífà tí ooru ń fa amọ̀ máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ náà ló ti ń là. Ẹ fi ọwọ́ pa ara rẹ̀, ibi kan kò nípọn ju ibòmíràn lọ, nítorí ibi tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, èyí tó fẹ́lẹ́ á sì ti ṣáájú rẹ̀. Abẹ́ òjìji ni wọ́n ti ń sá a, kí oòrùn má baà yára gbẹ ara òde nígbà tí inú ṣì rin.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun ún, wọ́n á to ìkòkò jọ sórí igi, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á dáná sí i. Omi tó kù nínú amọ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde. Bí omi yẹn bá hó lójijì, ìkòkò á bẹ́. Bí ooru bá ti ń kọjá 500°C, omi tó so mọ́ amọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà á jáde, láti ìgbà náà lọ kò lè di ẹrẹ̀ mọ́ láéláé. Ní Ìlọrin, wọ́n á fi igi gígùn yọ ọ́ jáde nígbà tó ṣì pọ́n, wọ́n á rì í bọ omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú ṣe, ara rẹ̀ á dúdú, á sì máa dán. Èyí tí kò bá là lọ́jọ́ yẹn, ààrò ta ni yóò dẹ́rù bà á?

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ga jù ní ilẹ̀ Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ ni. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun, ó bá àfọ́kù ìkòkò níbẹ̀ tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi gbà pé gíláàsì òkè òkun ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́. Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá tún ilẹ̀ náà hú. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rí níbẹ̀ ju 12,000 lọ, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì sì lé ní 800. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé láìmù àti àlùmínà pọ̀ nínú gíláàsì náà lọ́nà tí kò jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Ifẹ̀ ló ṣe é fúnra rẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15.

Gbogbo ènìyàn ń yin ìlẹ̀kẹ̀. Èmi ń yin ìkòkò. Ooru tó ju 1,000°C lọ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, gíláàsì tó yọ́ sì tún máa ń jẹ amọ̀ tó gbé e dúró. Iná wà lóde rẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ wà nínú. Bí ó bá là, gbogbo iṣẹ́ dà sínú eérú. Ẹni tó wá amọ̀ tó gba ìyà méjèèjì yìí, tó sì mọ ọ́n gẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀, inú amọ̀ rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ adé ti jáde.

Ọgbọ́n yìí kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wa. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì láti 1960, inú àgbá irin gígùn kan ni òkúta ti ń jóná ní nǹkan bí 1,450°C. Irin lásán á ti rọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Bíríkì tí wọ́n tò sí inú rẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀. Magnésíà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èyí tó wà níbi tí ooru ti le jù, òun sì ń lọ sí 2,800°C kó tó yọ́. Ẹni tó ń tò ó á dúró sínú àgbá náà nígbà tó bá tutù, á to bíríkì kan ti èkejì yípo títí dé òkè orí ara rẹ̀. Símẹ́ǹtì tó gbé àwọn ilé Ìbà àti Ọ̀jọ́ dúró, inú irú àgbá bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta ìṣaasùn àti ìkòkò àgbo lọ́jà, ẹ dúró. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ìka kàn án: bó bá dún gooro, ó pé; bí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti là níbì kan. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, iná kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i nídìí, ẹ má sì da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Iye owó tí ẹni tó ń tà á bá pè, ẹ má ná an ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ìkòkò náà ju owó yẹn lọ.