Agbè Àádọ́jọ: Ìtọ́wò Ẹmu nínú The Palm-Wine Drinkard

Iye ni ó kún ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952 yìí. Ọ̀pẹ 560,000 ni bàbá fún ọmọ rẹ̀. 150 agbè ni adẹ́mu ń dá láàárọ̀, 75 mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. A tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni adẹ́mu náà já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí ẹmu rẹ̀ ti rí lẹ́nu.

Àléébù kékeré kọ́ nìyí. Lẹ́yìn ikú adẹ́mu, ọ̀mu náà wá ẹlòmíràn tí yóò máa dá ẹmu bí òun ti fẹ́, kò rí. Èyí ni ó sún un dé Ìlú Àwọn Òkú. Kí ni ó ṣe ẹmu àwọn yòókù? Ṣé ó tẹ́ ni? Ṣé àbùlà ni? Àbí ó ti kan? Bí a kò bá béèrè, wọ̀bìà lásán ni yóò jẹ́ lójú wa. Èmi náà jẹ̀bi: nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo ṣe àtúpalẹ̀ iye agbè títí, n kò kọ gbólóhùn kan lórí ìtọ́wò.

A lè jiyàn pé iye náà ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò rí ẹmu, omi ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu, omi kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Omi kò wọ́n. Ahọ́n ni kò gbà á.

Ẹmu kì í dúró sójú kan. Bí ó ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: èyí tí ó dùn bí oyin láàárọ̀ a máa le bí ọjọ́ ti ń lọ, bí ó bá sì di ọjọ́ kejì, ó kan. Nítorí náà, èyí tí ó dùn jù kọ́ ni ó péye. Adùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dín díẹ̀, kí kíkan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọjú, kí líle má sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Émile Peynaud, onímọ̀ wáìnì ará Faransé, gbé ohun tí ó jọ èyí kalẹ̀ nínú Le Goût du vin (1980), níbi tí ó ti fi adùn sí apá kan òṣùwọ̀n, tí ó fi kíkan àti kíkorò sí apá kejì. Àwa tí a ń kọ lámèyítọ́ ní èdè Yorùbá ni a máa ń fi “ó dùn” kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bí a bá fi ojú yìí padà sí iye Tutùọlá, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ọ̀mu ti mu 150 agbè tán, kí ó tó kan. Lẹ́yìn náà ni adẹ́mu tún gun ọ̀pẹ. 75 agbè yẹn ni ó ń mu títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó sì ń le sí i bí òru ti ń jìn. Ẹmu ọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: ta ni nínú àwọn adẹ́mu yòókù ni ìbá gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kejì?