Ilé Adìẹ Tó Ń Gba Atẹ́gùn

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ kò ní ihò òógùn lára. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru.

Ìdí nìyí tí ọwọ́ àwọn tó ń kan ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé Mushin àti Surulere fi yẹ fún ìyìn. Ògiri kúkúrú nísàlẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wáyà lókè: atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba èkejì jáde, á sì gbé òórùn ìgbẹ́ tó ń ta nímú lọ.

Adìẹ ẹlẹ́yin 10 ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn, 4 ní ìbú, ó kéré tán. Bí àyè bá há, wọn á máa ṣá ara wọn.

Ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò bá tó, kó dín adìẹ kù.