Greased Lightning: Fíìmù Tó Sáré Kọjá Òtítọ́

Lọ́dún 1977 ni ilé iṣẹ́ Warner Bros. gbé Greased Lightning jáde, fíìmù tí Michael Schultz darí lórí ìgbésí ayé Wendell Scott, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní nínú ìdíje tó ga jù lọ lábẹ́ àjọ eré ìje ọkọ̀ NASCAR ní Amẹ́ríkà. Fíìmù náà dùn-ún wò, àwọn òṣèré rẹ̀ sì mọṣẹ́. Ibi tó kù sí ni pé ó fún Scott ní ohun tí ayé fi dù ú, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ bá àwọn tó fi dù ú bo àṣírí.

Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bí Scott lọ́dún 1921. Ó ja Ogun Àgbáyé Kejì, ó wa tákísì, ó sì ń fi ọkọ̀ kó ọtí tí ìjọba kò fọwọ́ sí lóru, irú èyí táwa ń pè ní ògógóró. Lọ́dún 1952, àwọn tó ń ṣètò eré ìje ń wá adúláwọ̀ kan tí yóò fa èrò wá sí pápá. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ti lọ béèrè ẹni tó mọ ọkọ̀ sá jù, ẹni tí ọlọ́pàá sì ti lé títí náà ni wọ́n dárúkọ. Apá yìí ló dùn jù nínú fíìmù náà. Richard Pryor tó ṣe Scott, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláwàdà, kò jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pam Grier náà, tí fíìmù oníjà sọ di gbajúmọ̀, fi ìfarabalẹ̀ ṣe Mary, ìyàwó Scott.

Ìparí ló ba nǹkan jẹ́. Scott borí lójú gbogbo èrò, ayọ̀ sì ṣubú layọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Nínú ìdíje 495 tó wọ̀ ní ipele tó ga jù lọ ní NASCAR, ẹyọ kan péré ló ti gba ipò kìíní: ti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1963, ní Speedway Park, ìlú Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida. Pápá elérùpẹ̀ ni, ìyípo 200 ni wọ́n sì fẹ́ sá. Nígbà tó ku bí ìyípo 25, Scott fi Chevrolet rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 34 ya Richard Petty sílẹ̀. Ó parí eré, wọn ò ju àsíá fún un. Ó tún yí pápá po, wọn ò dá a lóhùn. Buck Baker ni wọ́n kéde, òun ni wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún. Ìgbà tí Scott fárí gá, tí wọ́n tún iye ìyípo kà, ni wọ́n tó gbà pé ó fi ìyípo méjì ṣáájú. Èrò ti túká nígbà yẹn. Àṣìṣe ìṣirò ni àwọn aláṣẹ pè é. Scott àti ẹbí rẹ̀ ní tiwọn gbà pé wọn ò fẹ́ kí adúláwọ̀ fẹnu ko omidan aláwọ̀ funfun tó ń fún olúborí ní ife lẹ́nu ni. Ó kú lọ́dún 1990 láìfojú kan ife náà. Ọdún 2021 ni NASCAR tó gbé ife fún ẹbí rẹ̀.

A ò lè ní kí fíìmù ṣe bí ìwé ìtàn. Bí wọ́n bá yí ọdún padà tàbí tí wọ́n pa ènìyàn méjì pọ̀ di ọ̀kan, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tó ti borí, tó ṣì ń sáré nítorí pé alásíá ń wo ibòmíràn, òǹkọ̀tàn wo ni yóò rí ìran bẹ́ẹ̀ tí yóò jù ú nù? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; ariwo ayọ̀ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Àléébù kejì fara pẹ́ ìyẹn. Fíìmù náà fi Hutch, awakọ̀ aláwọ̀ funfun tí Beau Bridges ṣe, sí ẹ̀gbẹ́ Scott: ó kọ́kọ́ bá a ṣọ̀tá, ó sì padà di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Nínú ayé, àwọn ọmọ bíbí Scott ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe, nítorí kò rí ilé iṣẹ́ ńlá tó máa náwó lé e lórí. Ọ̀rẹ́ òjijì yìí mú kí ìwà ìkà ìgbà náà dà bí èdè àìyedè tí sùúrù lè yanjú.

Síbẹ̀, fíìmù náà yẹ ní wíwò nítorí Pryor, àti nítorí bó ṣe fi hàn pé ojú ọ̀nà olọ́tí ni eré ìje yìí ti mú díẹ̀ nínú àwọn akọni rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó tán kó má ṣe ka ìparí rẹ̀ sí ìtàn. Olùdarí tó bá tún fẹ́ fọwọ́ kan ìgbésí ayé Scott lọ́la, Jacksonville ni kó ti bẹ̀rẹ̀.