Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Nípa Kíkọ́ Èdè Faransé láti Ìbẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì

Ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Derrière la Prison. Orúkọ náà kò ní àdììtú kankan nínú: “Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ takisí lọ síbẹ̀ yóò dúró sí etí títì. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, yóò pe orúkọ àdúgbò náà àti iye owó sẹ́fà tí ó fẹ́ san. Bí owó náà bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, yóò fọn fèrè, yóò sì dúró. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ láìfèsì. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lọ.

Ẹ mú ọmọ Yorùbá kan tí ó gba oyè nínú èdè Faransé ní yunifásítì, kí ẹ fi í sí etí títì náà. Ó ti ka Molière. Ó lè to ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́sẹẹsẹ fún ìgbà tí ó kọjá àti ìgbà tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó to gbólóhùn tí ó bá gírámà mu tán lọ́kàn, ọkọ̀ mẹ́ta ti kọjá.

Kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni Ọ̀gágun Sani Abacha, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé Nàìjíríà yóò di elédè méjì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1998 sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìkéde yá ju olùkọ́ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ Faransé pọ̀ títí di òní, nítorí náà àwọn yunifásítì kan ń gba ẹni tí kò kọ́ ọ rí wọlé, wọ́n sì ń bá a bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d. Láyé àtijọ́ wọ́n a máa rán irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Lomé, Dakar tàbí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí owó di ọ̀wọ́n, ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní 1991. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ibẹ̀, ó ti jókòó pẹ́ ní kíláàsì, ahọ́n rẹ̀ sì ti le.

Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni náà ní ìtàn. Ìwé Gaston Mauger, tí ó jáde ní 1953, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àgbà fi kọ́ tiwọn. Gírámà inú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn, ṣùgbọ́n Paris ni gbogbo rẹ̀ forí lé. Ní ìwọ̀n ìgbà kan náà ni Georges Gougenheim àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn ará Faransé sínú ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n sì ṣètò nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,475 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí iṣẹ́ wọn ni wọ́n gbé Voix et Images de France kà, tí ó fi àwòrán àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ni. Ọgbọ́n ńlá ni. Síbẹ̀ àṣìṣe kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì jà: wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ bí igbá òfìfo, bí ẹni tí kò ní èdè kankan lẹ́nu. Ní ilẹ̀ yìí ó tún burú jù, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń túmọ̀ Faransé fún ọmọ Yorùbá.

Ẹ wo vous. Olùkọ́ yóò lo odidi wákàtí láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé nítorí ọ̀wọ̀ ni ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ bá ẹnìkan ṣoṣo wí. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì pé ọdún márùn-ún mọ̀ pé “ẹ” ni òun ń wí fún ìyá òun, “o” fún àbúrò òun. Ohun tí ó kù láti kọ́ ọ ni pé ọmọ Faransé a máa wí tu fún ìyá tí ó bí i, èyí tí yóò yà á lẹ́nu púpọ̀! Ẹ wo é àti è: kò jìnnà sí e inú ewé àti ẹ inú ẹsẹ̀. Ẹ wo bon: ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wá tán.

Ní ti derrière fúnra rẹ̀, Yorùbá a máa fi ẹ̀yà ara sọ ipò: orí tábìlì, inú àpò, ẹ̀yìn ilé. Ní Faransé, derrière jẹ́ “lẹ́yìn”, ó sì tún jẹ́ orúkọ ìdí tí ènìyàn fi ń jókòó. Ta ni èyí yóò ṣe àjèjì sí ní Ìbàdàn, níbi tí Ìdí-Ape, Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ àti Ìdí-Ìkán wà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé Derrière la Prison lọ́nà báyìí lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò ní í gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi àwòrán ológbò lẹ́yìn àga hàn yóò ti gbàgbé kí ó tó jẹun alẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni ó yẹ kí wákàtí wọ̀nyẹn lọ. Yorùbá kò ní ohùn u ti Faransé, èyí tí ètè ń ká jọ bí ẹni pe u, tí ahọ́n sì dúró síbi i. Nítorí náà sur, “lórí”, àti sous, “lábẹ́”, a máa sún mọ́ra jù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá sì ṣi orí pè ní abẹ́ kò ní í rí ohun tí ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni il àti elle, nígbà tí “ó” kan ṣoṣo tó Yorùbá fún ọkùnrin àti obìnrin.

Àwọn kan yóò takò pé ọmọ Hausa àti ọmọ Igbo náà jókòó ní kíláàsì. Àtakò tí ó ní ìwọ̀n ni. Ṣùgbọ́n Hausa ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ àti abo. Ọmọ Kano ń jókòó gbọ́ àlàyé ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè wọn lè béèrè. Ìbéèrè kò gba owó.

Àbùkù mìíràn ni pé Faransé ti Paris nìkan ni wọ́n kà sí Faransé. Èdè ìbílẹ̀ pọ̀ ní Gabon, kò sì sí èyí tí ó borí ìyókù, nítorí náà Faransé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Libreville ń bá ara wọn sọ nínú ilé àti ní títì. Wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn: mapane ni àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, clando ni ọkọ̀ èrò tí kò ní ìwé àṣẹ. Kò sí èyí nínú ìwé Mauger.

Abúlé Àjàrá kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́kadà òdìkejì ti ń ná owó ọkọ̀ pẹ̀lú èrò láti òwúrọ̀. Oṣù àkọ́kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, kí ó pe ibi tí ó ń lọ fúnra rẹ̀, kí ó ṣì í pè, kí ó tún un pè, kí ó tó ṣí ìwé Molière.