Àwọn Tó Sọ Yìnyín Lórúkọ

Ní ọjà Uselu ní ìlú Benin, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìnyín títà kì í fi agbára la bulọ́ọ̀kù. Yóò ká àpò ìdọ̀họ tó fi bò ó kúrò, yóò fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, yóò wá fi ṣóńṣó irin sá ilà kan láti etí kan dé èkejì, ilà tí kò jìn ju èékánná lọ. Ẹ̀yìn èyí ni yóò gbé irin lé orí ilà náà, tí yóò fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Bulọ́ọ̀kù á dún kẹ̀ẹ́, á sì là sí méjì lójú ilà gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa fi òòlù wó o ni, á wá máa ṣa èérún nílẹ̀ fún ẹlẹ́ja, èérún kì í sì í pẹ́ yọ́. Ẹlẹ́ja tó ń ta òkú Èkó kò ní san owó omi.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ibi tó ti là. Etí bulọ́ọ̀kù mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí ọwọ́ ẹni tó dì í mú lódìkejì, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ funfun báláú. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é la ti máa mọ ìdí rẹ̀. Inú agolo irin gígùn ni wọ́n ń bu omi sí níbẹ̀, wọn á wá ri agolo náà bọ inú omi iyọ̀ tí ẹ̀rọ ti mú tutù kọjá ibi tí omi lásán ti ń dì. Iyọ̀ ni kò jẹ́ kí omi ìta dì. Omi inú agolo á wá máa dì láti ara irin bọ̀ wá sí àárín. Yìnyín kì í sì í gba àlejò. Bó ṣe ń dì ló ń ti afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ inú omi síwájú, títí wọ́n á fi há sí àárín níbi tí kò ti sọ́nà mọ́. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló funfun lójú wa. Gbogbo bí bulọ́ọ̀kù ṣe di bulọ́ọ̀kù ló kọ sí ara rẹ̀, ẹni tó mọ ojú ni yóò kà á.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ojú bẹ́ẹ̀, àmọ́ yìnyín tó ga ju ilé lọ, tó gùn ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ yìn níhìn-ín, ìyẹn iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ.

Uselu kò ṣàjèjì sí orúkọ tí a kì í fi ṣeré. Oyè Edaiken ti Uselu ni àrólé Ọba Benin máa ń jẹ kó tó gorí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n yìnyín tó ń jábọ́ láti ojú ọ̀run níbẹ̀ kò ju ti òjò líle kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, táwọn ọmọdé á ṣà sẹ́nu kó tó yọ́. Tèèyàn bá tọ ọ̀nà Èkó láti ọjà náà, yóò dé Ugbowo níbi tí Yunifásítì ìlú Benin wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó gba ilé ìwé girama kọjá sí irú ibẹ̀ ló há ọ̀rọ̀ yìnyín sórí nítorí ìdánwò jọ́gíráfì. Inú ìwé Goh Cheng Leong ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé glacier, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń ṣàn bí odò àmọ́ tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Orí kan gbáko ni ìwé náà yà sọ́tọ̀ fún ohun tí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ń fi ilẹ̀ ṣe. Moraine, cirque, arête, drumlin, esker: ẹni tó bá lè ya àwòrán wọn kó sì fi ọfà tọ́ka síbi tó yẹ ti gba máàkì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹnì kan ló gbẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, pé òmíràn nínú wọn gún régé, òmíràn sì wọ́.

Ìwé tó là mí lójú sí èyí ni Illustrated Glossary of Snow and Ice, tí Terence Armstrong, Brian Roberts àti Charles Swithinbank kọ, tí ilé ìwádìí Scott Polar ní Cambridge tẹ̀ jáde ní 1966. Burma, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ni wọ́n bí Swithinbank sí, àmọ́ ó bá àwọn ará Norway àti Sweden lọ sí Antarctica láti 1949 títí di 1952. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ náà wù mí. Ọ̀rọ̀ kan, àlàyé tó mọ níwọ̀n, fọ́tò tó jẹ́rìí sí i, ó parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ní glacier kankan lónìí, nítorí náà èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún un. Àwọn mẹ́ta yìí kò jókòó ti tábìlì kí wọ́n máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí darandaran orí òkè Alps ń wí, ohun tí apẹja Iceland ń wí, ohun tí ọdẹ Greenland ń wí, òun náà ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Firn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ará Switzerland tó ń sọ èdè Jámánì ló ni ín, kò sì ju “ti èṣí” lọ, bí a ṣe ń sọ pé iṣu èṣí. Òjò dídì tó bọ́ lọ́dún tó kọjá, tí oòrùn ẹ̀rùn kò rí yọ́ tán, òun ni firn. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ rẹ̀ tàbí bó ṣe tutù tó. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló sọ, ọjọ́ orí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ sì wà. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, tí a bá kó o kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, ní òòró àti ní jíjìn, ó lè má wúwo ju kílò 100 lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó yọ́ díẹ̀, ó tún dì, ti ọdún kejì bọ́ lé e lórí, ti ẹ̀kẹta tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn ṣóńṣó ara rẹ̀ á kú, á di hóró. Nígbà tí ohun tó wà nínú àpótí bá ti wúwo tó nǹkan bíi kílò 830, àwọn ihò tó já sí ara wọn nínú rẹ̀ á pa dé, afẹ́fẹ́ tó bá kù níbẹ̀ ti di ẹlẹ́wọ̀n. Ìgbà yẹn ni orúkọ máa yí padà, tí firn á di yìnyín glacier. Yóò ṣì máa fún mọ́ra títí yóò fi súnmọ́ kílò 917.

Ẹlẹ́wọ̀n yẹn ni àwọn onímọ̀ lọ bá ní Dome C ní Antarctica. Wọ́n fi irin gbẹ́ òpó yìnyín jáde láti ìsàlẹ̀ jíjìn, wọ́n sì rí afẹ́fẹ́ tí ayé ń mí ní 800,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n lè wọ̀n. Bí títẹ̀ bá sì pọ̀ tó nísàlẹ̀ glacier, àwọn ihò afẹ́fẹ́ náà á fún pọ̀ títí funfun á fi kúrò, tí yìnyín á sì máa tàn ní búlúù. Ní Uselu, àárín ló gbẹ̀yìn dídì, òun ló sì funfun. Lórí òkè, ohun tó funfun ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Sérac náà kò burú. Níbi tí glacier bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò ya, yóò sì di òpó àti ilé gogoro tó lè wó nígbàkigbà. Àwọn ará Savoy wò ó, wọ́n sì fi orúkọ wàrà funfun kan tó máa ń fọ́ ní igun mẹ́rin pè é. Ẹni tó bá ti rí i bí wàrà ṣe ń ya lábẹ́ ọ̀bẹ mọ̀ pé òtítọ́ ni wọ́n sọ, àní nípa bó ṣe ń wó.

Ojú òkun ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ láìfi inú pa mọ́. Nígbà tí orí glacier bá já sínú omi, Gẹ̀ẹ́sì a ní ó “calve”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún màlúù tó bímọ. Ohun tó bí lè tóbi bí erékùṣù, ó sì lè má ga ju mítà kan lọ lókè omi. Èyí kékeré yẹn ni àwọn atukọ̀ ń pè ní growler, ẹni tó ń kùn, nítorí bí ìgbì bá ń yí i, ó ń dún. Mo gbà pé àwọn atukọ̀ ló mọ orúkọ sọ jù. Growler kò hàn lókèèrè, nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ó sì lè lu ọkọ̀ ní ihò lóru. Ohun tí etí kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú tó rí i ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nunatak ni ṣóńṣó òkúta tó yọrí láàárín yìnyín, àwọn ará Greenland ló ni ín. Jökulhlaup jẹ́ ti Iceland: omi tó gbá jọ sábẹ́ glacier, tó wá já lójijì. Ní November 1996, lẹ́yìn tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ lábẹ́ glacier Vatnajökull, ọ̀kan já, ó sì gbé afárá ojú pópó lọ. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ láìyí i padà.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gbà lọ́wọ́ ará oko. Ní 1815, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Jean-Pierre Perraudin, ní àfonífojì Bagnes ní Switzerland, sọ fún Jean de Charpentier, ọ̀gá ìwakùsà iyọ̀, pé glacier tó wà lókè yẹn ti bo gbogbo àfonífojì náà rí. Ẹ̀rí ọdẹ kò ṣòro: àwọn òkúta ńlá jókòó síbi tí omi kankan kò lè gbé wọn dé, irú òkúta náà kò sì sí nítòsí. Charpentier rò pé ìsọkúsọ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó gbà. Òun náà ló wá yí ọ̀jọ̀gbọ́n Louis Agassiz lọ́kàn padà ní 1836, Agassiz sì lọ sọ ọ́ di òkìkí ní ọdún kejì, nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Neuchâtel. Agassiz ni ayé ń dárúkọ. Ní tèmi, ojú Perraudin ló ṣiṣẹ́ náà.

Àwọn tó ti ìdí ìwé dìde kì í fìgbà gbogbo sọ ọmọ dáadáa. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ de Saussure rí àwọn àpáta tí yìnyín ti họ ẹ̀yìn wọn dán, ó sì pè wọ́n ní roches moutonnées, torí wọ́n jọ irun àtọwọ́dá tí àwọn gbajúmọ̀ ìgbà yẹn ń fi ọ̀rá àgùntàn yí. Irun náà kúrò láṣà, ọ̀rọ̀ ló kù. Lónìí, olùkọ́ ń sọ fún ọmọ ìwé pé àpáta náà jọ àgùntàn, ọmọ ìwé á wò ó títí, kò ní rí àgùntàn kankan. Orúkọ náà kò sì sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù, pé ẹ̀gbẹ́ tí yìnyín ti gùn ún wá ló dán, ẹ̀gbẹ́ tó gbà sọ̀kalẹ̀ ló ya jágajàga.

Regelation tún gbẹ jù ú lọ. Tí a bá to bulọ́ọ̀kù méjì léra lábẹ́ àpò ní Uselu, kí ó tó di ọ̀sán wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, alábàárù sì ní láti kàn wọ́n kí wọ́n tó pínyà. Michael Faraday sọ ọ́ ní 1850 pé omi tín-ín-rín kan máa ń wà lójú yìnyín, àti pé tí ojú méjì bá pàdé, omi náà á dì. Àwọn míì jiyàn pé títẹ̀ ló ń yọ́ ọ, tó tún ń dì nígbà tí a bá gbé ọwọ́ kúrò, àmọ́ ìwádìí ìgbà wa ti gbè lẹ́yìn Faraday. Ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n wá so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yìí kò ní ojú, kò ní ọwọ́, kò ní ọjọ́ orí. Iṣẹ́ náà dáa ju orúkọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó kan ilẹ̀ wa gan-an, òun ni till. Archibald Geikie ló mú un wọ ìwé ìmọ̀ ní 1863, fún ẹrù tí glacier bá já sílẹ̀. Odò máa ń ṣa òkúta: ó gbé ńlá kalẹ̀ níhìn-ín, yanrìn lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ níwájú. Yìnyín kì í ṣà. Àpáta tó tó yàrá, òkúta wẹ́wẹ́, amọ̀ kíkúnná, gbogbo rẹ̀ ló ń dà síbì kan náà, púpọ̀ nínú òkúta náà á sì ní ilà họ́họ́ lára níbi tí wọ́n ti fara ha ara wọn. Tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó di òkúta, tillite ni.

Tillite wà ní àríwá Tógò àti ti orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè odò Oti àti Pendjari, ó sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi 635 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta ẹfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lórí rẹ̀, irú èyí tí òkun máa ń tò sílẹ̀ nígbà tí ayé bá gbóná lẹ́yìn òtútù. Ní Tassili ní Algeria, ojú àpáta aṣálẹ̀ ṣì ní ilà tí yìnyín míì fà sí i ní nǹkan bíi 445 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí apá ayé yìí wà nítòsí òpin gúúsù. Ìwé jọ́gíráfì tí a fi há glacier sórí lè fi ọfà tọ́ka síbẹ̀ láìkọjá Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ till fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti Geikie. Àwọn àgbẹ̀ Scotland ló ń pe ilẹ̀ líle olókùúta bẹ́ẹ̀, èyí tó ń fọ́ ohun ìtúlẹ̀ wọn. Wọn kò fi yìn ín o.